Àpótí Ìmọ̀: Àgbàrá Òjò àti Odò Asà

Bí òjò bá rọ̀ ní Challenge, nílùú Ìlọrin, ọ̀dà títì àti páànù òrùlé kì í fa omi mu. Àgbàrá á gbá ohun tó bá bá lójú ọ̀nà: epo ẹ́ńjìnnì tó kán sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìgbẹ́ ẹran. Gọ́tà kò ní asẹ́; gbogbo rẹ̀ ló ń dà sí Odò Asà, tó la ìlú já lọ síhà Odò Ọya. Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń dọ̀tí jù, torí ẹ̀gbin gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń kó lọ.

Dán an wò: Lẹ́yìn òjò, bu omi gọ́tà sínú ìgò, kí o jẹ́ kó tòrò mọ́jú. Kí ló rì sí ìsàlẹ̀? Kí ló léfòó? Fi ọṣẹ fọwọ́.