Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Kẹ́kọ̀ọ́ Èpè àti Òǹdè Ayé Àtijọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ fi ìwádìí èpè, ọfọ̀ àti òǹdè ayé àtijọ́ ṣe iṣẹ́, àwọn ará ilé sì ń kìlọ̀ pé kí ẹ má fọwọ́ kan ohun tí yóò kó bá yín. Ẹ má bínú sí wọn, ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

Ní ìlú Bath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìsun omi gbígbóná kan wà tí àwọn ará Róòmù kọ́ tẹ́ńpìlì òrìṣà Sulis Minerva sí ẹ̀bá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wa ìsàlẹ̀ ìsun náà lọ́dún 1979 sí 1980, bíi 130 pẹlẹbẹ òjé ni wọ́n rí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ti kọ ẹjọ́ wọn sí i, wọ́n ká a, wọ́n sì jù ú sómi. Ẹjọ́ olè ló pọ̀ jù. Wọ́n jí ẹ̀wù onífìlà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Docilianus. Ó ké sí òrìṣà pé yálà ọkùnrin ni olè náà tàbí obìnrin, ẹrú tàbí òmìnira, kó má rí oorun sùn, kó má rí ọmọ bí, títí yóò fi dá ẹ̀wù náà padà sí tẹ́ńpìlì. Nítorí ẹ̀wù kan! Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tó lè sáré lọ, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Roger Tomlin, ọ̀mọ̀wé Oxford, ló ka àwọn òjé náà tó sì tẹ̀ wọ́n jáde lọ́dún 1988. Iṣẹ́ ojú ni. Ìlà tín-ín-rín tí wọ́n fi irin ṣóńṣó họ sára òjé ni lẹ́tà wọn. Ẹ ní láti gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òjìji lè wọ inú ìlà náà, kí ẹ tó rí nǹkan kà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tiwọn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Lẹ́tà tí kò bá dá òǹkàwé lójú, àmì tóótó ló ń fi sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn. Kò sí àṣà tí mo fẹ́ràn tó èyí nínú iṣẹ́ náà. Bí ìlà kan bá sọnù nínú ọfọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yín sí òkú lẹ́nu.

Ẹ fún ara yín lákòókò pẹ̀lú. Campbell Bonner, olùkọ́ èdè Gíríìkì ní Yunifásítì Michigan, ti fẹ̀yìn tì kí ìwé ńlá rẹ̀ lórí òǹdè tó jáde lọ́dún 1950. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ejò olórí kìnnìún wà fún inú rírun. Àwòrán olùkórè tó bẹ̀rẹ̀ lóko wà fún ìbàdí ríro: ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ ń gbé àwòrán ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kiri. Ta ni yóò rí èyí tí yóò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà?

Ní ti ìbẹ̀rù, ẹ sọ fún ìyá yín pé èpè tí Tomlin kà kò dá a dúró: lọ́dún 2016, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tó tẹ̀ wọ́n jáde, ó ṣì tún gbé ìwé jáde, lórí wàláà onígi ti Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́.

Nílé wa ńkọ́? Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba Ifá ní Kétu, tó sì ń jẹ́ Fátúmbí, kó ewé àti ọfọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé Ewé tó jáde lọ́dún 1995. Àjèjì ṣe tirẹ̀. Ẹ tọ àwọn àgbà ilé yín lọ lọ́dún yìí, kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ má tẹ̀ jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde.