Ẹ̀yin Ọmọ Papalanto, Ìwọ̀n Ni Kẹ́ ẹ Fi Po Ọtí

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo gbọ́ pé bíà inú ìgò kò tó yín mọ́ níbi ìnáwó. Rọ́ọ̀mù pípò, irú èyí tí wọ́n ń mu ní àwọn erékùṣù Karibíánì, lẹ fẹ́ máa pò nílé fún àlejò. N kò ní kẹ́ ẹ má pò ó. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi.

1. Ẹ mọ ibi tó ti wá. Ara ìrèké ni wọ́n ti ń rí rọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá ti yọ ṣúgà tán, omi dúdú tó ki tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń jẹ́ kó kan, kí wọ́n tó sè é, kí wọ́n sì gba oru rẹ̀. Ní Barbados, ìwé ilé ìpọntí Mount Gay ti wà láti 1703. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló gbin ìrèké náà, àwọn náà ló gé e. Ní Westmoreland, lórílẹ̀-èdè Jamaica, ibùdó kan wà tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, ló fi orúkọ ilé sọ ọ́. Ẹ rántí wọn bí ẹ bá ń bu ife àkọ́kọ́.

2. Ìwọ̀n àtayébáyé àwọn ará Karibíánì rèé: kíkan kan, dídùn méjì, líle mẹ́ta, omi mẹ́rin. Ife kan náà ni kẹ́ ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́ tútù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí tábìlì títí yóò fi rọ̀, kẹ́ ẹ tó là á. Omi rẹ̀ á jáde dáadáa. Ẹ má fún un títí tí kóró rẹ̀ á fi fọ́, torí yóò korò. Ẹ yọ́ ṣúgà nínú omi gbígbóná, kí ṣúgà àti omi jẹ́ ọgbọọgba, kó tutù, ẹ bu ife méjì. Rọ́ọ̀mù, ife mẹ́ta. Omi tútù tàbí omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ife mẹ́rin. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ da yìnyín sí i. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń kán bíttà Angostura díẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Trinidad, wọ́n á sì ha kóró nutmeg lé e lórí. Bí ẹ kò bá rí nutmeg, ehuru wà lọ́jà wa: ẹ yan án, ẹ bó o, ẹ ha á díẹ̀. Lójú tèmi, ehuru tilẹ̀ dùn jù ú lọ.

3. Ẹ ṣírò agbára rẹ̀. Bí agbára rọ́ọ̀mù bá jẹ́ 40 nínú 100, èyí tí ẹ pò yìí yóò jẹ́ 12. Bíà tí ẹ ń mu kò ju bíi 5 lọ. Ṣúgà ló ń bo agbára yẹn mọ́lẹ̀, òun ló fi ń ká èèyàn mọ́ orí ìjókòó. Ife kékeré ni kẹ́ ẹ lò, kí àlejò sì ti jẹ ọ̀fadà yó kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

4. Rọ́ọ̀mù wọ́n, mo mọ̀. Èyí ló ń mú kí àwọn kan fi ògógóró inú jálá, tí wọn kò mọ ẹni tó pọn ọ́n, rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rù èyí ló bà mí jù lọ. Lọ́dún 2015, ní Òde-Ìrèlé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn ń kú lójijì. Ojú wọn á kọ́kọ́ ṣú, orí á máa fọ́ wọn, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti parí. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́míkà methanol inú ògógóró tí wọ́n mu ni. Ní ọdún náà gan-an, irú rẹ̀ tún pa èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de títa ògógóró.

N kò bú àwọn tó ń pọn ọtí, iṣẹ́ bàbá wọn ni. Àmọ́ ahọ́n kò lè dá methanol mọ̀, imú kò lè gbọ́ ọ yàtọ̀. Bí ẹ ṣáná sí i, yóò jó bí ọtí ṣe ń jó. Ìgò tí wọ́n dè pa, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣú lẹ́yìn tó mutí, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì jáfara.

5. Ẹ má da àgbo jẹ̀dí, trámádọ̀ tàbí òògùn ikọ́ oní kódíìnì mọ́ ọtí tí ẹ pò láé.

6. Ẹ po abọ́ kejì tí kò ní rọ́ọ̀mù fún àwọn Mùsùlùmí, aboyún àti ọmọdé. Kó tutù, kó dùn bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹ fojú kéré òun.

7. Oríta ni Papalanto. Ọ̀nà Èkó, ti Abẹ́òkúta, ti Ìlaròó àti ti Ṣágámù pàdé níbí, tírélà sìmẹ́ńtì láti Ewékorò sì ń kọjá tọ̀sán tòru. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti mu. Ẹ tẹ́ ẹní fún un nínú pálọ̀, kó sùn síbẹ̀ di àárọ̀.