Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Galileo Fi Ojú Ara Rẹ̀ Wò Ó

Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, èdè Látìnì ni ìjọ Àgùdà fi ń ka Bíbélì. Òun náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ ìwé. Àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà kò gbọ́ Látìnì. Ohun tí àlùfáà bá ti sọ, abẹ gé e.

Ní 1517, àlùfáà kan ní Jámánì, Martin Luther, ta ko ìjọ nítorí owó tí wọ́n ń gbà láti fi dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù. Ní 1522, ó tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní èdè Jámánì. Ẹni tó bá mọ̀wé lè wá kà á fúnra rẹ̀, ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Ìjọ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ní 1546, ìgbìmọ̀ ìjọ Àgùdà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe túmọ̀ Bíbélì lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ìjọ.

Inú ayé yìí ni wọ́n bí Galileo Galilei sí ní Ítálì. Olùkọ́ ìṣirò ni. Ní 1609, ó gbọ́ pé wọ́n ti ṣe awò kan ní Nẹ́dálándì tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú. Ó jókòó, ó ṣe tirẹ̀, tirẹ̀ sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 1610, ó gbé awò náà sójú, ó wo pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter. Ó rí ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: méjì ní apá ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tó máa fi di alẹ́ ọjọ́ kejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹnu yà á. Ó ń wò wọ́n lálaalẹ́, ó ń ya ibi tí wọ́n wà sínú ìwé. Ìkẹrin tún yọjú. Ó wá yé e pé òṣùpá ni wọ́n, Jupiter ni wọ́n sì ń yí ká.

Èyí ta ko ohun tí wọ́n ń kọ́ni tẹ́lẹ̀, pé ayé ni gbogbo ohun ojú ọ̀run ń yí ká. Copernicus, òṣìṣẹ́ ìjọ ní Poland, sì ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1543 pé ayé gan-an ló ń yí oòrùn ká. Galileo gbà á gbọ́. Ní 1632, ó kọ ìwé lórí rẹ̀, kì í ṣe ní Látìnì, bí kò ṣe ní èdè ìlú rẹ̀.

Ní 1633, ilé ẹjọ́ ìjọ ní Róòmù mú bàbá ẹni ọdún 69 yìí kúnlẹ̀, wọ́n ní ohun tó kọ ta ko Bíbélì, pé kó sẹ́ ẹ. Ó sẹ́ ẹ. Wọ́n sé e mọ́lé títí ó fi kú ní 1642. Síbẹ̀, kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Ọlọ́run sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run kan náà ló ni Bíbélì tó sì dá ojú ọ̀run, àwọn méjèèjì kò lè ta ko ara wọn. Ní 1992, Póòpù John Paul Kejì gbà pé àwọn tó dá a lẹ́jọ́ ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá, bí àwọn ará Jámánì àti Ítálì ṣe ka ìwé Luther àti ti Galileo ní èdè tiwọn, ẹ má fojú kékeré wo ohun tí ẹ ń ṣe.

Ìbéèrè
1. Kí ni Galileo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jupiter?
2. Kí ló jẹ́ kó mọ̀ pé òṣùpá ni wọ́n?
3. Èdè wo ni Luther àti Galileo fi kọ ìwé wọn? Ta ni wọ́n fẹ́ kó kà á?