Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: OWÓ ÌLERA KÌ Í ṢE OWÓ ÀJỌ

 

Láti ìgbà tí a ti mú ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera wá sí ìpàdé, èyí tí a ń pè ní inṣọ́ránsì lẹ́nu, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi wá: "Bí mo bá sanwó fún ọdún kan gbáko, tí Ọlọ́run ò jẹ́ kí n ṣàìsàn, ta ló kó owó mi lọ?" Ìbéèrè gidi ni, a ò sì ní fi ẹ̀rín gbé e kọjá.

KÍ LÓ SỌ ÌWÒSÀN DI OWÓ GỌBỌI?

Nígbà ayé àwọn baba wa, ewé, egbò àti èèpo igi ni oníṣègùn fi ń wo aláìsàn. Àwọn Òyìnbó pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ jù wá lọ nígbà náà. Ojú aláìsàn máa ń là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀bẹ là á. Ọdún 1846 ni wọ́n fi oògùn ether kun ènìyàn lóorun ní gbangba ní Boston, ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó là á. Ní 1847, Dókítà Semmelweis ní ìlú Vienna ní kí àwọn dókítà máa fi omi oògùn fọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún, ikú àwọn abiyamọ sì dín kù gan-an. Ní 1895, Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì. Ọdún yẹn náà ni àwọn Àgùdà dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta. Ní 1928, Fleming ṣàwárí penicillin ní London, ó sì di oògùn tó kárí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Àìsàn tó jẹ́ pé ẹkún nìkan ni wọ́n ń sun sí i tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a lè wò sàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ, oògùn, iná mànàmáná àti àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà, owó ni gbogbo wọn.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ DÁWÓ JỌ

Ní 1883, ìjọba Jámánì, nígbà Bismarck, ṣòfin pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dáwó àìsàn. Òṣìṣẹ́ ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ ń san ìdá kan tó kù. Ní 1890, ní ìlú Tredegar ní ilẹ̀ Wales, àwọn awakùsà èédú àti òṣìṣẹ́ irin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn láti fi gba dókítà. Ọmọ ìlú yẹn, Aneurin Bevan, ló di mínísítà tó gbé ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní Bìrìtéènì ní 1948, èyí tí owó orí ń gbé ró. Ní 1929, àwọn tíṣà ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí san 50 sẹ́ǹtì lóṣù fún ilé ìwòsàn Baylor, kí ẹni tó bá ṣàìsàn nínú wọn lè gba ìtọ́jú ọjọ́ 21.

Ẹ kíyè sí i: awakùsà, òṣìṣẹ́, tíṣà. Kì í ṣe olówó ni wọ́n.

NÍBO NI OWÓ NÁÀ Ń LỌ?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ 200 san ₦15,000 lọ́dún, ó jẹ́ ₦3,000,000. Bí 10 nínú wọn bá ṣe iṣẹ́ abẹ tó jẹ́ ₦200,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ₦2,000,000 ti lọ. Èyí tó kù ni wọn ó fi tọ́jú ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọn ó sì fi sanwó àwọn tó ń ṣètò. Nítorí náà, ara àwọn tó ṣàìsàn ni owó yín wà.

Ká wá ní àwọn 120 tí ara wọn le sọ pé àwọn ò ṣe mọ́. Ẹni 80 ló kù, owó wọn jẹ́ ₦1,200,000. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn 10 yẹn kò lọ ní tiwọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ní láti mú ₦25,000 wá fún iṣẹ́ abẹ nìkan. Àwọn mìíràn á tún sá, owó á tún lé sí i, títí ètò náà á fi dojú dé. Ìdí kan náà ló mú kí ọ̀pọ̀ ètò ní kí ẹni tuntun dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó gba ìtọ́jú. Bí gbogbo ènìyàn bá ń dúró de àìsàn kí wọ́n tó wọlé, owó ta ni wọn ó fi tọ́jú wọn?

Owó tí ẹ fún alájọ, tiyín ni. Ó ń bọ̀ wá bá yín. Owó ìlera dà bí owó ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru. Bí olè ò bá wá títí ọdún fi parí, ta ló lọ bá ọdẹ pé kó dá owó òun padà?

TI NÀÌJÍRÍÀ

Òfin rẹ̀ jáde ní 1999, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Òfin tuntun ti 2022 sọ pé ó di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwa ará ọjà náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ní ètò tiwọn. Ìlera Èkó ni ti Èkó. Ẹ ó yan ilé ìwòsàn kan. Oṣooṣù ni wọ́n ń san iye kan fún ilé ìwòsàn náà lórí yín, bóyá ẹ ṣàìsàn tàbí ẹ ò ṣe. Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọn á kọ ìwé fún yín lọ sí èyí tó tóbi jù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin:
1. Àìsàn wo ni ètò náà kò bójú tó?
2. Oṣù mélòó ni a ó dúró?
3. Èló ni a ó san lórí oògùn fúnra wa?
4. Ilé ìwòsàn wo nítòsí ló wà nínú rẹ̀?

Gbogbo wa la mọ ọmọ ẹgbẹ́ tó yáwó láti fi ra ọjà, tí owó náà bá ilé ìwòsàn lọ, tí onídùúró wá ń san gbèsè tí kò jẹ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn tí kò lè kà á, kí gbogbo wa lè mọ ohun tí a ń dìbò fún.