Kẹ̀kẹ́ Lórí Ọ̀nà Funfun Chianti: Ṣe, Má Ṣe

Ní ilẹ̀ Ítálì, láàárín Florence àti Siena, ni agbègbè Chianti wà: òkè gun òkè lórí, ọgbà àjàrà lọ súà, igi ólífì láàárín wọn. Ọ̀nà oko ló so àwọn ọgbà náà pọ̀. Wọn kò da ọ̀dà sí i. Òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè é ní strade bianche, ọ̀nà funfun. Ẹni tí fèrè ọkọ̀ ti sú lórí kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni kó forí lé. Àmọ́ ọ̀nà oko olóko ṣì ni, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń rìn ín.

Ṣe: yan oṣù rẹ dáadáa. Oṣù Kẹrin, oṣù Karùn-ún àti ìparí oṣù Kẹsàn-án ló dáa jù. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe eré, eruku náà á sì bá ọ dé inú eyín.

Má ṣe: gba títì SR222 torí pé o rí i nínú fọ́tò. Òun ni wọ́n ń pè ní Chiantigiana. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, nítorí náà orí rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ àti alùpùpù ń sáré. Bí kò bá ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, gbà á ní kùtùkùtù, kí o sì tètè yà kúrò.

Ṣe: tẹ̀lé àmì Eroica. Ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Nígbà tí wọ́n ń da ọ̀dà sí àwọn ọ̀nà funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Giancarlo Brocci kó àwọn oníkẹ̀kẹ́ jọ sí ìlú Gaiole in Chianti ní 1997. Àwọn 92 péré ni wọ́n. Ó ní kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gba orí òkúta náà kọjá. Ìrìn náà ni wọ́n ń pè ní Eroica. Lónìí, bí oṣù Kẹwàá bá dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ya lọ sí Gaiole pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1987 tàbí ṣáájú rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi ń gbéra, iná fìtílà ló sì máa ń fi ọ̀nà hàn wọ́n láàárín igi sípírẹ́ẹ̀sì títí dé ilé olódi Brolio. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó ju ẹ̀bẹ̀ lọ ni Brocci lò: ọ̀nà tí àlejò ń ti òkèèrè wá wò, ta ni yóò dá a lábàá pé kí wọ́n da ọ̀dà sí i? Ìwọ kò nílò láti dúró de oṣù Kẹwàá. Àmì ọ̀nà náà wà ní ìkóríta jálẹ̀ ọdún, ọ̀nà náà sì tó 209 kìlómítà.

Má ṣe: fẹ́ gun 209 náà tán lọ́jọ́ kan. Pín in sí mẹ́ta, ó kéré tán. Òkè ibẹ̀ kò ga lọ títí. Wọn kì í tán ni.

Ṣe: mú táyà tó fẹ̀ wá. Mìlímítà 38 sí 45 ló bá òkúta yẹn mu. Má fún un ní afẹ́fẹ́ jù, torí táyà tó le koko ni òkúta máa ń ta sókè. Mú tọ́ọ̀bù méjì àti pọ́ǹpù dání. Kò sí fọkanáísà lábẹ́ igi kankan níbẹ̀.

Má ṣe: fún bíréékì iwájú pa nígbà tí o bá ń sọ̀. Wo ọ̀nà náà dáadáa. Ipa méjì ni táyà ọkọ̀ ti tẹ̀ sí ojú rẹ̀, ibẹ̀ ló le. Àárín ipa méjèèjì àti etí ọ̀nà ni òkúta tí kò dì máa ń kó jọ sí, ibẹ̀ ló sì ń yọ̀. Dúró nínú ipa. Dín eré kù kí o tó dé kọ́nà. Bí o bá ti wọ inú rẹ̀ tán, ó ti pẹ́ jù. Bíréékì ẹ̀yìn àti ti iwájú ni kí o jọ fún, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dẹ ọwọ́ àti èjìká, kí o jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ. Má sì tẹjú mọ́ kòtò tí ò ń sá fún, torí ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ.

Ṣe: jókòó nígbà tí o bá ń gun òkè. Bí o bá dìde, ara rẹ kò tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́, á sì máa yí lójú kan. Lọ wo òkè Le Tolfe nítòsí Siena. Kò gùn ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibi tó ga jù níbẹ̀ tó ìdá 18 nínú 100.

Má ṣe: rò pé kò sí ọkọ̀ rárá. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ kò tíì dé ibẹ̀ nígbà ìkórè. Ní oṣù Kẹsàn-án, katakata tó ń fa àjàrà lè yọ sí ọ ní kọ́nà tí o kò ti rí iwájú. Gbá mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, juwọ́ sí awakọ̀, jẹ́ kí eruku rọlẹ̀ kí o tó máa lọ. Òun ń ṣiṣẹ́. Ìwọ ń ṣeré.

Má ṣe: wọ Crete Senesi lẹ́yìn òjò. Apá gúúsù ìlà-oòrùn Siena nìyẹn, tí ọgbà àjàrà ti dínkù, tí ilẹ̀ sì di amọ̀ àti pápá ọkà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Monte Sante Marie wà, kìlómítà 11.5, tí wọ́n fi sọrí Fabian Cancellara, tó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje kẹ̀kẹ́ Strade Bianche lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, mi ò mọ ọ̀nà tó dùn jù ú lọ ní gbogbo agbègbè náà. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà, á wọ ṣéènì, á fún bíréékì pa. Ní 2018 tí òjò bá ìdíje náà, tí Tiesj Benoot gbégbá orókè, ẹrẹ̀ bo àwọn eléré dé ojú.

Ṣe: sọ̀ kalẹ̀ fún ajá olùṣọ́ àgùntàn. Ajá Maremma ńlá, funfun, ni wọ́n fi ń ṣọ́ agbo ní Crete Senesi. Kì í ṣe ajá tí à ń fi kẹ̀kẹ́ sá fún. Sọ̀ kalẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ sáàárín ìwọ àti òun, máa rìn jẹ́jẹ́ títí o fi kúrò lẹ́bàá agbo rẹ̀.

Má ṣe: já àjàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ṣé wọ́n á já kòkó bàbá rẹ kí o máa rẹ́rìn-ín? Láti 1716 ni Cosimo III, ọba Tuscany, ti fi àṣẹ pa ààlà ilẹ̀ tí wáìnì rẹ̀ lè jẹ́ orúkọ Chianti. Ní Brolio tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Bettino Ricasoli, tó ti ṣe olórí ìjọba Ítálì, kọ ìlànà sílẹ̀ ní 1872 lórí bí wọ́n ṣe máa po oríṣi àjàrà pọ̀, tó fi Sangiovese ṣe olórí wọn. Èso tó wà lórí igi yẹn lówó, ó sì ní ìtàn. Bó bá wù ọ́, ra ìgò tó ní àmì àkùkọ dúdú, ti Chianti Classico nìyẹn.

Má ṣe: mu wáìnì náà kí o tó gun kẹ̀kẹ́. Òfin Ítálì fi 0.5 gíráàmù ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣe òdiwọ̀n, òfin náà sì mú oníkẹ̀kẹ́. Ìrọ̀lẹ́ lọtí.

Ṣe: ronú omi àti oúnjẹ ṣáájú. Ẹ̀rọ omi wà ní ọ̀pọ̀ abúlé. Bí wọ́n bá kọ *non potabile* (kò ṣeé mu) sí i, má mu ún. Ṣọ́ọ̀bù máa ń tì láti nǹkan bí aago kan ọ̀sán títí di nǹkan bí aago mẹ́rin. Ra búrẹ́dì rẹ ní àárọ̀.

Má ṣe: kọjá ṣéènì tí wọ́n fi di ọ̀nà. Bí o bá rí *proprietà privata* (ilẹ̀ aládàáni), padà sẹ́yìn. Nígbà òtútù tí wọ́n ń dẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó, wọ aṣọ tó ń kọ mọ̀nà.

Ṣe: fi Siena parí rẹ̀. Via Santa Caterina ni kí o gbà wọlé, bí àwọn eléré ìdíje Strade Bianche ṣe ń gbà á. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ibi tó ga jù tó ìdá 16 nínú 100. Ní 2018, iṣan ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, Wout van Aert, kọ̀ fún un níbẹ̀, ó ṣubú. Ó dìde, ó ti kẹ̀kẹ́ díẹ̀, ó tún gùn ún, ó sì ṣe ipò kẹta. Bí tìrẹ náà bá kọ̀, tì í. Kò sí ẹni tó máa bèèrè nígbà tí o bá dé gbàgede Piazza del Campo.