Ìmọ̀ràn awọnlẹ̀ àgbà fún ọmọ Ìwéré-Ilé tí aago átọ́ọ̀mù wù

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mo fi tọ́mọ. Nígbà tí ẹ ti wá ń bi mí léèrè aago átọ́ọ̀mù tí wọ́n fẹ́ sọ di kékeré, ẹ jókòó.

1. Àsìkò la fi ń wọnlẹ̀ báyìí, kì í ṣe okùn mọ́. Sátẹ́láìtì GPS ń kéde àsìkò láti inú aago átọ́ọ̀mù tó gbé sínú, ẹ̀rọ ọwọ́ wa sì ń ṣírò bí ìkéde náà ṣe pẹ́ lọ́nà tó. Bí aago yẹn bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣìnà, 300 mítà ni ìṣirò á fi yẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ìjà tí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ń dá sílẹ̀ láàárín oko méjì.

2. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ ńlá. Láti 1967, ìgbà 9,192,631,770 tí ìgbì átọ́ọ̀mù caesium bá mì ni ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ ni àwọn aago tuntun ń lò: ti strontium ń mì ní nǹkan bí ìgbà tírílíọ̀nù 429 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohun tí à ń kà bá ṣe yára tó ni ìwọ̀n wa á ṣe pé tó.

3. Ibí ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn aago ìmọ́lẹ̀ tó péye jù lọ máa ń gba yàrá, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fi lésà mú átọ́ọ̀mù tutù, kí wọ́n sì há a mọ́. Ọ̀nà kan wà tó jẹ mọ́ orúkọ Norman Ramsey ará Amẹ́ríkà àti Christian Bordé ará Faransé. Ẹ yan calcium nínú ààrò kékeré kan, kí átọ́ọ̀mù rẹ̀ máa tú jáde, kí ó sì la ìtànṣán lésà pupa kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Átọ́ọ̀mù kan náà á gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà (bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kan!), ọ̀nà méjèèjì á sì tún pàdé. Bí ìgbì lésà bá ti yà díẹ̀ sí ti calcium, ìpàdé wọn á yí padà, iye átọ́ọ̀mù tó ń tàn á yàtọ̀, ẹ̀rọ á sì fa lésà padà sípò. Kò sí wàhálà mímú tutù, ìdí nìyẹn tí àpótí kan fi lè gbà á.

4. Ẹ kọ́ ìṣirò. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Aago tó wà lókè ń yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ní 2022, àwọn ọmọ iṣẹ́ onímọ̀ físíìsì Jun Ye ní Amẹ́ríkà rí ìyàtọ̀ yìí láàárín mìlímítà kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí irú aago bẹ́ẹ̀ bá ṣeé gbé sínú ọkọ̀, a ó fi wọn gíga àwọn òkè Òkè-Ògùn.

6. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà. Láti 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwọnlẹ̀ láti òfurufú níbẹ̀. Àmọ́ aago àlejò la ṣì ń lò, ó sì ń dùn mí. Ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ mi àtijọ́ wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹni tó bá fẹ́ tú u wò kó wá, kó ṣáà tò ó padà.