Àròkọ Aṣàlàyé: Àkọsílẹ̀ Ọ̀daràn

Bí o bá yan orí-ọ̀rọ̀ yìí, kọ́kọ́ ya ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ẹni tí ọlọ́pàá mú sí aláìṣẹ̀ títí adájọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Wo àpẹẹrẹ yìí:

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ọ̀daràn rí. Ẹlẹ́wọ̀n lè parí ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ àti ìtẹ̀ka rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè ìwé-ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ lè jáde.

Síbẹ̀, òfin kò le tó òwe. Ẹni tí a dá lẹ́bi fún ìwà àìṣòótọ́ kò lè dupò aṣòfin, ṣùgbọ́n bí ọdún 10 bá kọjá, ọ̀nà là. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò tilẹ̀ gbà kí a lo ọ̀rọ̀ náà “ìdálẹ́bi” fún ọmọdé. Nítorí náà, ṣọ́ orúkọ rẹ. Má sì fi àná ẹlòmíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kíyè sí i: òwe ni a fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó parí. Ìwọ náà, ṣe bẹ́ẹ̀.